Ẹ́ńjìnì ló ń ṣàìsàn ni, àbí sẹ́ńsọ̀ ló ń purọ́? Bí a ṣe ń yẹ géèjì wò nínú bàálù tí a fọwọ́ ara wa kàn

Nígbà tí mo ń dán bàálù mi wò, tí kò tíì fò ju wákàtí méjìlá lọ, sílíńdà kẹta bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ́rù bà mí. Nígbàkígbà tí mo bá ń gòkè, àwọn mẹ́ta yòókù á wà ní nǹkan bí 380°F, òun á gun orí 440°F lọ. Gbogbo ẹni tó wà ní háńgà ló ní sẹ́ńsọ̀ ló ti bàjẹ́, kí n ra òmíràn. Mo rà á, mo fi sí i, nọ́ńbà náà kò yí padà. Sẹ́ńsọ̀ tí mo jù nù kò purọ́ rárá: orí sílíńdà náà ń gbóná ní tòótọ́. Ká ní mo ti fi ìdajì wákàtí ṣe àyẹ̀wò tí mo fẹ́ kọ síbí yìí ni, n kò ní tún gbé e fò lẹ́ẹ̀mẹrin kí n tó mọ ohun tó ń ṣe é.

Láàárín ooru inú sílíńdà àti nọ́ńbà tí ojú wa ń rí, ọ̀nà kan wà: sẹ́ńsọ̀, wáyà, ibi tí wáyà ti so mọ́ wáyà, earth (ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí bátìrì), àpótí tó ń ṣírò, àti ètò tí a yàn sínú àpótí náà. Ibi tó bá wù ú ló ti lè bàjẹ́ lójú ọ̀nà yìí. Iṣẹ́ wa ni ká gé ọ̀nà náà sí méjì, ká mọ apá tí wàhálà wà, ká tún gé apá yẹn sí méjì. Ẹni tó bá fi ríra nǹkan tuntun bẹ̀rẹ̀ ń ta tẹ́tẹ́ ni.

Ẹ́ńjìnì tí mo ń lò ni Lycoming O-320, sílíńdà mẹ́rin, agbára ẹṣin 160. Òun ló wà nínú ọ̀pọ̀ bàálù RV, èyí tí ilé-iṣẹ́ Van's Aircraft ní ìpínlẹ̀ Oregon máa ń kó ẹ̀yà rẹ̀ ta fún ẹni tó bá fẹ́ kàn án fúnra rẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà gba ẹni tó kan bàálù fún ẹ̀kọ́ tàbí fún ìgbádùn láyè láti fò ó, bí òun fúnra rẹ̀ àti àwọn tí wọ́n jọ kàn án bá ti ṣe ju ìdajì iṣẹ́ náà lọ. Ìyẹn ni pé wáyà kọ̀ọ̀kan tó wà lára rẹ̀, ọwọ́ wa ló dì í. Ọwọ́ ara mi ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí, kí n tó fura sí ẹ́ńjìnì. Bó bá jẹ́ Rotax ni tiyín, ọ̀nà àyẹ̀wò kan náà ni, àmọ́ ẹ gba nọ́ńbà tiyín nínú ìwé ẹ́ńjìnì yín.

Òfin kan ṣáájú ìyókù. Lórí ilẹ̀, ẹ fura sí sẹ́ńsọ̀ bó bá ṣe wù yín. Lójú òfurufú, ẹ gba nọ́ńbà náà gbọ́, ẹ wá pápá tó súnmọ́ jù, ẹ balẹ̀. Ilẹ̀ la ti ń ṣèwádìí.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun

Ẹ pa master, ìyẹn swíìṣì àgbà tó ń so bátìrì mọ́ bàálù, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ fi igi dá táyà dúró. Lẹ́yìn náà, ẹ ka pùròpélà sí ìbọn tí a ti kì. Magneto, ẹ̀rọ tó ń fún púlọ́ọ̀gì ní iná, kì í dúró de bátìrì. Wáyà tí a ń pè ní P-lead ló ń pa á, nípa gbígbé iná rẹ̀ lọ sí earth. Bí wáyà yẹn bá já, magneto ṣì wà láàyè bí ẹ tilẹ̀ ti pa swíìṣì, ẹni tó bá sì yí pùròpélà díẹ̀ lè rí i kí ẹ́ńjìnì dáhùn. Mo tẹnu mọ́ ọn nítorí pé àyẹ̀wò sẹ́ńsọ̀ máa ń mú wa ti ọwọ́ bọ àárín wáyà ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì, ibẹ̀ gan-an ni P-lead wà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọdé tàbí àlejò dúró níwájú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ bi ẹ́ńjìnì tó sùn mọ́jú léèrè

Nínú gbogbo àyẹ̀wò tí mo mọ̀, èyí ni mo fẹ́ràn jù, kò sì ná wa ní kọ́bọ̀. Ẹ jẹ́ kí bàálù sùn mọ́jú nínú háńgà. Ní kùtù hàì, kí oòrùn tó ràn sí i lára, ẹ tan master nìkan, ẹ má tan ẹ́ńjìnì, ẹ mú ìwé àti bírò.

Gbogbo sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ooru gbọ́dọ̀ sọ ohun kan náà, torí afẹ́fẹ́ kan náà ni gbogbo wọn jọ sùn sí. Bí inú háńgà bá jẹ́ 62°F, tí sílíńdà mẹ́ta ń ka 61, 62, 63, tí ọ̀kan wá ń ka 97, ẹjọ́ ti parí. Kò sí ooru nínú ẹ́ńjìnì tó ti tutù, nítorí náà irọ́ ni 97. Prẹ́ṣọ̀ ọ́ìlì àti ti epo gbọ́dọ̀ wà ní òdo. Géèjì manifold pressure, tó ń wọn prẹ́ṣọ̀ afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnì, náà ní tirẹ̀ láti sọ: nígbà tí ẹ́ńjìnì kò ṣiṣẹ́, ó yẹ kó ka bí afẹ́fẹ́ àyíká ṣe ń tẹ̀, nǹkan bí íǹṣì mẹ́kúrì 29.9 létí òkun, kó máa fi nǹkan bí íǹṣì 1 dín fún ẹsẹ̀ bàtà 1,000 kọ̀ọ̀kan tí pápá yín fi ga.

Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Mo ń ṣe é ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọ̀ọ̀kan, ìwé kékeré yẹn sì ti gbà mí lọ́wọ́ iyèméjì lọ́pọ̀ ìgbà.

Ìgbésẹ̀ kejì: ṣé irin lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Orí sílíńdà jẹ́ álúmíníọ̀mù tó wúwo. Kò lè fi 80°F gbóná láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sì lè fi bẹ́ẹ̀ tutù. Ọ́ìlì náà kò lè ṣe é. Bí nọ́ńbà CHT, ìyẹn ooru orí sílíńdà, bá fò sókè tó sì padà wálẹ̀ bí ẹni ṣẹ́jú, wáyà ló ń fò, kì í ṣe ooru. Bó bá jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ló ń gòkè, tó ń rọlẹ̀ nígbà tí ẹ bá tẹ imú bàálù sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé sí i, tó tún ń gòkè nígbà tí ẹ bá gun òkè, ẹ yára gbà pé òótọ́ ni.

EGT, ooru èéfín tó ń jáde, yàtọ̀. Òun lè yára yí padà ní tòótọ́, torí èéfín kì í ṣe irin. Prẹ́ṣọ̀ ọ́ìlì pẹ̀lú lè já lulẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá méjì, kó sì jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé. Ẹ má lo òfin yìí fún prẹ́ṣọ̀ ọ́ìlì láé.

Bí àpótí yín bá ń tọ́jú àkọsílẹ̀, ẹ gbé e sórí kọ̀ǹpútà kí ẹ wo bí ìlà náà ṣe rí. Ìlà òótọ́ máa ń tẹ̀ kọ́lọkọ̀lọ bí ọ̀nà orí òkè. Ti wáyà tó ń já máa ń ní eyín bíi ayùn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ pààrọ̀ ipò wọn

Lára Lycoming, sílíńdà 1 wà níwájú lápá ọ̀tún awakọ̀, 2 níwájú lápá òsì, 3 lẹ́yìn lápá ọ̀tún, 4 lẹ́yìn lápá òsì. Ká sọ pé 3 ló ń ka gíga.

Ẹ lọ síbi tí wáyà sẹ́ńsọ̀ ti so mọ́ wáyà tó ń lọ sínú àpótí. Ẹ pààrọ̀ ti 3 àti ti 1 níbẹ̀ nìkan, ẹ má yọ sẹ́ńsọ̀ kúrò lára sílíńdà. Ẹ gbé e fò tàbí kí ẹ tan án bí ẹ ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Bí nọ́ńbà gíga bá ti ṣí lọ sí ojú 1 lórí géèjì, wàhálà wà ní iwájú: sẹ́ńsọ̀ ni tàbí sílíńdà fúnra rẹ̀. Bó bá jókòó sí ojú 3, ẹ fi ẹ́ńjìnì sílẹ̀ ní àlàáfíà. Wáyà tó wọ inú lọ ni, tàbí àpótí.

Bó bá ṣí lọ, ẹ dá wáyà padà sí ipò rẹ̀, kí ẹ wá pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ méjèèjì lára sílíńdà. Nísinsìnyí, ojú 1 ló ń wọn sílíńdà 3. Bí ojú 1 bá ga, sílíńdà 3 ń gbóná lóòótọ́. Bí ojú 3 bá ṣì ga nígbà tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ wà lára sílíńdà 1, sẹ́ńsọ̀ náà ló ń purọ́, owó tí ẹ bá fi ra òmíràn kò ṣòfò. Àyẹ̀wò tí n kò ṣe nìyẹn lọ́jọ́ sí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: wáyà thermocouple kì í ṣe wáyà lásán

Ibí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣubú, títí kan ẹni tó ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ́wáyà láti kékeré. Thermocouple tó wà nídìí CHT àti EGT jẹ́ irin méjì tí kò jọra, tí a so pọ̀ lórí. Bí ibi tí a ti so wọ́n bá ṣe gbóná sí ni iná tíńtín tó ń jáde ṣe ń pọ̀ sí. Iná náà kéré gan-an: irú J, tó wọ́pọ̀ fún CHT, ń mú nǹkan bí 50 máíkírófóltì wá fún dígírì Celsius kan, irú K tó wà fún EGT ń mú nǹkan bí 40. Ìdọ̀tí tàbí ìpata díẹ̀ níbi ìsopọ̀ lè ba irú iná bẹ́ẹ̀ jẹ́.

Àwọ̀ rẹ̀ tún máa ń tan ènìyàn. Nínú ètò àwọ̀ Amẹ́ríkà, pupa ni négátífù thermocouple. Funfun ni pọ́sítífù irú J, yẹ́lò ni pọ́sítífù irú K. Ẹni tí bátìrì ọkọ̀ ti kọ́ pé pupa ni pọ́sítífù á so ó sódì. Bó bá sódì, nọ́ńbà á máa wálẹ̀ bí ẹ́ńjìnì ṣe ń gbóná. Ẹ tún un so, ó parí.

Bí àwọ̀ bá ti ṣá, tàbí tí ooru ti jó ike ara wáyà, ẹ mú mágnẹ́ẹ̀tì kékeré. Irin lásán ni wáyà funfun irú J, mágnẹ́ẹ̀tì á gbá a mú, kò ní mú pupa rẹ̀. Ní ti irú K, pupa ni mágnẹ́ẹ̀tì ń mú, kì í mú yẹ́lò. Bí mágnẹ́ẹ̀tì kò bá mú ìkankan nínú méjèèjì, bàbà ni ẹ gbá mú yẹn. Ẹnì kan ti fi wáyà lásán fa á gùn.

Ìyẹn ṣe pàtàkì, torí nọ́ńbà tó máa ń jáde níbẹ̀ kì í ya ènìyàn lẹ́nu. Ká sọ pé ibi tí wọ́n ti so bàbà mọ́ ọn wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnì, níbi tí ooru jẹ́ 150°F, tí ẹ̀yìn àpótí nínú yàrá awakọ̀ jẹ́ 80°F. CHT á máa fi 70°F dín sí òótọ́. Sílíńdà tó wà ní 450°F á máa ka 380°F, inú yín á sì máa dùn. Wáyà irú kan náà ló gbọ́dọ̀ lọ láti ara sẹ́ńsọ̀ títí dé àpótí. Bó bá kúrú, ẹ ra irú rẹ̀, ẹ má ṣe fi ohun tó wà nílẹ̀ fa á.

Bí ẹ ṣe wà níbẹ̀, ẹ fi ìka tọ gbogbo wáyà láti orí dé ìdí. Ibi tó bá ti fara kan páìpù èéfín máa ń le bí èèpo iṣu tó gbẹ. Kí ẹnì kan máa wo ojú géèjì bí ẹ ṣe ń mi ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lẹ́. Nígbà tí nọ́ńbà bá fò, ọwọ́ yín ti bà á.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: omi gbígbóná

Ẹ yọ sẹ́ńsọ̀ tí ẹ ń fura sí, kí wáyà rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ fi kẹ́túlù iná mànàmáná se omi, jìnnà sí ibi tí epo lè ti kán. Ẹ ti orí sẹ́ńsọ̀ bọ inú omi tó ń hó, kó má ṣe kan ìdí kẹ́túlù. Létí òkun, ó yẹ kó ka 212°F. Ẹ máa yọ nǹkan bí 1°F fún ẹsẹ̀ bàtà 500 kọ̀ọ̀kan tí ibi tí ẹ wà fi ga, torí náà ẹni tó bá wà ní Denver, ìlú Amẹ́ríkà kan tó wà lókè, kò gbọ́dọ̀ retí ju nǹkan bí 202 lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ tì í bọ omi yìnyín: 32°F. Bó bá fi dígírì mẹ́ta tàbí mẹ́rin yẹ̀, kò burú. Bó bá fi ogún yẹ̀, ẹ mọ ohun tó kù.

Sẹ́ńsọ̀ ooru ọ́ìlì náà gba àyẹ̀wò yìí. Ẹ fi àkísà sábẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó tú u, torí ọ́ìlì á tẹ̀lé e jáde. Òun kì í ṣe thermocouple nínú ọ̀pọ̀ bàálù. Resistance rẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń dí iná lọ́nà tó, ló ń yí padà bó ṣe ń gbóná, ibẹ̀ ni ewu kan wà. Lára irú tí resistance rẹ̀ ń dín bó ṣe ń gbóná, ìsopọ̀ tó bá dẹ̀ máa ń fi resistance kún un, nọ́ńbà á wá kéré sí òótọ́. Ọ́ìlì ń jóná, géèjì ń sọ pé ara rẹ̀ yá.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: earth

Bí ọ̀pọ̀ nọ́ńbà bá jọ yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má lọ tú sẹ́ńsọ̀ kankan. Ẹ tan ẹ́ńjìnì lórí ilẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà sílẹ̀, ẹ tan iná ìbalẹ̀ àti pitot heat (iná tó ń mú páìpù tí a fi ń wọn eré bàálù gbóná), ẹ tún wò ó. Iná ìbalẹ̀ kò lè mú kí prẹ́ṣọ̀ ọ́ìlì yí padà lójijì. Bó bá yí padà lójú géèjì, iná alternator ló ń bá sẹ́ńsọ̀ jìjàdù ọ̀nà padà sílé.

Ẹ fi mítà wádìí rẹ̀: ẹsẹ̀ dúdú sí négátífù bátìrì, ẹsẹ̀ pupa sí ara ẹ́ńjìnì níbi tí kò ní ọ̀dà. Wáyà mítà gbọ́dọ̀ wọlé sọ́dọ̀ awakọ̀, kí ẹ dì í mọ́lẹ̀ gbọin-gbọin jìnnà sí pùròpélà, kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnì. Bí mítà bá ka ju 0.1 fóltì lọ nígbà tí iná gbogbo wà ní títàn, ẹ tú wáyà earth ńlá ẹ́ńjìnì, ẹ ha orí rẹ̀ méjèèjì títí irin á fi máa dán, ẹ tún un dè.

Ìgbésẹ̀ keje: prẹ́ṣọ̀ ọ́ìlì

Èyí nìkan ni mi ò kì í bá ṣeré. Lycoming O-320 ń fẹ́ nǹkan bí 55 sí 95 psi nínú ìfò, kò sì gbọ́dọ̀ lọ sísàlẹ̀ 25 nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń sinmi. Ẹ yẹ ìwé tiyín wò, torí wọ́n ti ṣàtúnṣe rẹ̀ láti àkókò dé àkókò.

Lọ́jọ́ kan tèmi bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti 75 lọ sí 110, á padà, á tún lọ. Sẹ́ńsọ̀ náà jẹ́ irú oní-wáyà kan, tí ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni earth, tí resistance rẹ̀ ń lọ láti nǹkan bí 10 ohm ní òdo títí dé 180. Nígbà tí mo tú u, mo rí i: mo ti fi téèpù funfun tí àwọn oníṣẹ́ omi ń lò yí ẹnu rẹ̀ ká yíká-yíká kí ọ́ìlì má bàa jò. Téèpù yẹn ló gbé earth rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Lára irú sẹ́ńsọ̀ yìí, earth tí kò dára máa ń mú kí nọ́ńbà ga ju òótọ́ lọ. Wáyà tó já á gbé e lọ sí òkè pátápátá. Wáyà tó fara kan irin á gbé e lọ sí òdo. Mo fọ téèpù náà kúrò, mo fi díẹ̀ lára ohun olómi tí wọ́n fi ń dí ẹnu páìpù sí i, mo sì fi mítà rí i dájú pé ara rẹ̀ kan earth kí n tó dì í.

Síbẹ̀, n kò fò. Mo yá géèjì onípáìpù, èyí tí kò nílò iná, mo so ó mọ́ ojú ihò kan náà, mo tan ẹ́ńjìnì lórí ilẹ̀, mo wo méjèèjì pọ̀. Ìgbà tí wọ́n sọ ohun kan náà ni mo tó yọ ọ́. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ náà, pàápàá bó bá jẹ́ pé kíkéré ni nọ́ńbà yín ń kéré. Nǹkan kan tún wà: ẹ má de sẹ́ńsọ̀ tó wúwo yìí mọ́ ara ẹ́ńjìnì. Gbígbọ̀n ẹ́ńjìnì á ṣẹ́ ọrùn rẹ̀, ọ́ìlì á sì tú dà síta. Ẹ de e mọ́ ògiri iná, ìyẹn ògiri tó ya ẹ́ńjìnì kúrò lọ́dọ̀ awakọ̀, kí páìpù rírọ̀ gbé ọ́ìlì wá bá a.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ètò inú àpótí

Bí bàálù bá jẹ́ tuntun, tàbí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀, ẹ wò ó bóyá irú tó wà lára ẹ́ńjìnì ni ẹ yàn nínú àpótí. J tí a pè ní K, tàbí prẹ́ṣọ̀ 0–100 tí a pè ní 0–150, á purọ́ láìsí ibi tó bàjẹ́.

Bí gbogbo wọn bá yege

Nígbà náà, ẹ́ńjìnì ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ fi EGT gbọ́ ọ. Nígbà tí ẹ bá ń dán magneto wò, tí ẹ bọ́ sórí ọ̀kan ṣoṣo, EGT gbogbo sílíńdà yẹ kó gòkè díẹ̀, torí púlọ́ọ̀gì kan ló ń jó epo, ó ń pẹ́. Èyí tó bá já lulẹ̀, púlọ́ọ̀gì rẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ yẹn tàbí wáyà púlọ́ọ̀gì náà kò ṣiṣẹ́. Kí CHT máa yára gòkè nígbà tí EGT sílíńdà kan náà ń wálẹ̀ ni ẹ gbọ́dọ̀ bẹ̀rù jù: epo ń bú gbàmù nínú rẹ̀ lódì sí àkókò. Ẹ dín agbára kù lójú ẹsẹ̀, ẹ fi epo kún àdàlù epo àti afẹ́fẹ́, ẹ balẹ̀.

Ní ti sílíńdà kẹta mi, ó ku ọ̀nà afẹ́fẹ́. Lycoming gbà kí orí sílíńdà dé 500°F, àmọ́ kó tó lè pẹ́ láyé, kò yẹ kó máa kọjá 435 nínú ìrìn líle, tàbí 400 nínú ìrìn jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn sílíńdà 3, àwọn lẹ́bẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbà láàárín wọn kò jinlẹ̀. Irin pẹlẹbẹ baffle, tó ń darí afẹ́fẹ́ sára sílíńdà, tí mo fọwọ́ mi gé sì lẹ̀ mọ́ wọn típẹ́típẹ́, kò sí ibi tí afẹ́fẹ́ lè gbà sọ̀kalẹ̀. Iwájú sílíńdà 2 náà máa ń ní ìṣòro yìí. Mo tú bóòtì baffle náà, mo ki wáṣà kan sáàárín òun àti sílíńdà, àlàfo tí kò tó ìbú ìka ọmọdé sì ṣí sílẹ̀. Mo dì í padà, mo tan iná tọ́ọ̀ṣì láti òkè, mo sì rí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

Mo tan án fún ìṣẹ́jú márùn-ún lórí ilẹ̀, mo ṣí ìbòrí, mo wò ó bóyá ọ́ìlì ń jò. Mo gbé e gòkè, mo yí po lórí pápá nìkan, níbi tí mo ti lè balẹ̀ bí ẹ́ńjìnì bá kú. Sílíńdà kẹta gun 402, ó dúró. Mo kọ ọ́ sínú ìwé bàálù, pẹ̀lú ìwọ̀n wáṣà náà.